Tí a bá tẹ àmì kan lórí gíráàfù, báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ èyí tí a tẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá lónìí, irú èyí tó dà bíi pé kò tó nǹkan tí à ń jókòó sọ. Tí ẹ bá fi máòsì tẹ àmì kan lórí gíráàfù nínú kọ̀ǹpútà yín, báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ̀ pé àmì yẹn gan-an lẹ tẹ̀, pé kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Èmi náà rò pé nǹkan tó rọrùn ni, àfi ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di olè lójú àwọn èèyàn mi ní Òkàkà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Òkàkà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ oko la mọ̀ jù níbẹ̀: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kajú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kajú bá ti ń já, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ẹbí mi wà nínú rẹ̀ máa ń kó ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ. Wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á kọ iye kílò sínú ìwé, wọn á tà á pọ̀ fún oníṣòwò, lẹ́yìn náà ni wọn á pín owó bí kílò oníkálukú bá ṣe tó.

Èmi tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ prógíráàmù ni wọ́n ní kí n bá wọn ṣe nǹkan tó máa dín wàhálà kù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Iná náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà n kò ṣe nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì. Prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lórí laptop nìkan ni mo kọ, ní èdè Python, mo fi Tkinter ṣe fèrèsé rẹ̀, mo fi Matplotlib ya gíráàfù sí i nínú. Ọjọ́ inú oṣù wà nísàlẹ̀ gíráàfù náà, kílò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Àmì róbótó kọ̀ọ̀kan dúró fún kajú tí ẹnì kan gbé wá lọ́jọ́ kan. Tí akọ̀wé bá tẹ àmì kan, àpótí kékeré kan á jáde, á fi kílò rẹ̀ hàn, akọ̀wé á sì lè tún un ṣe tí àṣìṣe bá wà.

Inú gbogbo wa dùn. Àmọ́ akọ̀wé wa ti dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sójú kan lórí máòsì. Ó ní, “Ọmọ mi, àwọn nǹkan yìí ti kéré jù, mi ò rí wọn tẹ̀.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, bàbá, màá fẹ̀ ẹ́.” Mo sì fẹ ààyè tí ẹ̀rọ fi ń gba ìtẹ̀ wọlé, kó lè jẹ́ pé bí wọn ò tiẹ̀ tẹ àárín àmì gan-an, ẹ̀rọ á ṣì gbà á.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, akọ̀wé rí i pé wọ́n ti kọ kílò 80 fún ọkùnrin kan ní ọjọ́ 11, bẹ́ẹ̀ 60 ló wà nínú ìwé. Ó tẹ àmì náà, àpótí jáde, ó tẹ 60 sí i, ó ti parí. Ọjọ́ tí wọ́n ń pín owó, ìyá kan dìde. Opó ni. Ó ní owó òun kò pé. Wọ́n wo inú kọ̀ǹpútà: 60. Ìyá náà tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú bébà pélébé tí wọ́n kọ fún un nídìí òṣùwọ̀n jáde: 82. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kọ̀ǹpútà tó o gbé wá yìí ti kọ́ olè jíjà ni?”

Kí n tóó yanu, àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n gbé laptop náà jù síta. Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀, a rí i pé àmì ọkùnrin yẹn ni akọ̀wé tẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àkọsílẹ̀ ìyá yìí ni prógíráàmù mi ṣí. Kílò 22 ni wọ́n gé kúrò lórí ìyá náà, ọkùnrin yẹn sì ń jẹ èlé kílò 20 tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ló fà á? Ẹ jókòó, ká jọ tú u wò.

Kọ̀ǹpútà kò rí àmì, nọ́ńbà méjì péré ló rí

Bọ́tìnì yàtọ̀ sí àmì orí gíráàfù. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nǹkan tó dá dúró: ó mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, ó sì mọ iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Gíráàfù kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lódindi, bíi pátákó kan ṣoṣo ni lójú ẹ̀rọ. Tí prógíráàmù bá ti kun àwọn àmì sórí pátákó yẹn tán, àwọ̀ lásán ló kù, ìyẹn àwọn píksẹ́lì tó ń tàn. Bí ẹ bá fi ẹfun sàmì sára ògiri, ṣé ògiri lè sọ fún yín pé ẹfun yìí ni ti gbèsè Àlàbí, pé ìyẹn ni ti Àjàní? Ẹni tó sàmì ló mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tẹ máòsì, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún prógíráàmù kò ju èyí lọ: “Wọ́n tẹ̀ mí ní 303 lápá ọ̀tún, 204 nísàlẹ̀, bọ́tìnì òsì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.” Ó parí. Prógíráàmù fúnra rẹ̀ ló máa wá ṣírò pé ta ló ni ibẹ̀.

Kì í ṣe bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ní ọdún 1963, Ivan Sutherland ṣe prógíráàmù kan tó ń jẹ́ Sketchpad ní MIT, ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe máòsì ló lò, nǹkan bíi bírò tó ń rí ìmọ́lẹ̀ ni. Ojú ẹ̀rọ ìgbà yẹn máa ń ya àwòrán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yà á, ó tún ń yà á, kí ojú tóó ṣẹ́. Tí bírò yẹn bá rí ìmọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á kàn wò ó pé, “Kí ni mò ń yà lọ́wọ́ báyìí?” Ohun tó ń yà lọ́wọ́ náà ni wọ́n nà sí. Àmọ́ máòsì tí Douglas Engelbart àti Bill English ṣe ní 1964, tí Engelbart sì fi han gbogbo ayé ní San Francisco ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan lójú ẹ̀rọ. Ìrìn ọwọ́ wa ló ń kà. Ó rọrùn fún ọwọ́ ju bírò lọ, àmọ́ ibi tí a dé nìkan ló lè sọ, kò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ká ṣírò rẹ̀

Ẹ mú bébà kan. Mo ti tún àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí tò kí ìṣirò wọn lè rọrùn.

Ká ní pátákó gíráàfù wa fẹ̀ tó píksẹ́lì 800, ó sì ga tó 500. A fi 60 sílẹ̀ lápá òsì fún nọ́ńbà kílò, 20 lápá ọ̀tún, 20 lókè, 60 nísàlẹ̀ fún ọjọ́. Ibi tí a máa fi àmì sí wá ku 720 ní fífẹ̀ àti 420 ní gíga.

Oṣù Ẹrẹ́nà ní ọjọ́ 31. Láti ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 31, ìgbésẹ̀ 30 ni. Tí a bá pín 720 sí ọ̀nà 30, ọjọ́ kan gba píksẹ́lì 24. Kílò bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó dé 140. Tí a bá pín 420 sí ọ̀nà 140, kílò kan gba píksẹ́lì 3.

Níbo wá ni àmì ọjọ́ 11, kílò 80 máa wà? Láti òsì: 60, ká fi ìgbésẹ̀ 10 lọ́nà 24 kún un, ó di 300. Láti òkè: 20, ká fi (140 − 80) lọ́nà 3 kún un, ìyẹn 180, ó di 200. Àmì ọkùnrin yẹn wà ní 300, 200.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo yọ 80 kúrò nínú 140. Ojú kọ̀ǹpútà ń ka nọ́ńbà láti òkè wá sísàlẹ̀, nígbà tí gíráàfù wa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Bí wọ́n ṣe ṣe tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló ti wá: ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì, á máa fa ìlà lọ sí ọ̀tún, á máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tkinter àti Windows ń kà á bẹ́ẹ̀. Matplotlib ní tirẹ̀ ń kà láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ bíi tèmi, tó bá gbàgbé láti yí i, á máa tẹ àmì òkè, ti ìsàlẹ̀ á sì máa dá a lóhùn.

Ó yá, akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó bọ́ sí 303, 204. Ó fi 3 tàsé lápá kan, ó fi 4 tàsé lápá kejì. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àpapọ̀ wọn 25. Bí Pythagoras ṣe kọ́ wa nílé ìwé, ẹ̀ẹ̀kan tó ń pọ̀ ara rẹ̀ di 25 ni 5. Píksẹ́lì 5 péré ló fi jìnnà sí àmì náà.

Àmì ìyá wa ńkọ́? Ọjọ́ 11 kan náà ni, kílò 82. Ó wà ní 300 láti òsì, láti òkè ó jẹ́ 20 + (58 lọ́nà 3), ìyẹn 194. Akọ̀wé fi 3 àti 10 tàsé rẹ̀: 9 + 100 jẹ́ 109, ó lé díẹ̀ ní píksẹ́lì 10.

Ẹ rí i pé kò sí iyèméjì. 5 kéré sí 10. Ọkùnrin yẹn ló sún mọ́ ọn jù. Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ fi ṣí ti ìyá?

Àṣìṣe mi

Matplotlib ní nǹkan kan tó ń jẹ́ pick_event. Tí a bá tẹ orí gíráàfù, ó máa bá wa wá gbogbo àmì tó wà láàárín ààyè tí a fún un, á sì kó nọ́ńbà wọn jọ sínú ohun tó ń jẹ́ ind. Gbogbo wọn ni mo wí o. Kò sọ pé èyí ló sún mọ́ jù. Bí wọ́n ṣe tò nínú àkọsílẹ̀ náà ló ṣe ń tò wọ́n.

Tẹ́lẹ̀, ààyè tí mo fún un jẹ́ 6. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, àmì ọkùnrin yẹn nìkan ló máa wọlé, torí 5 kò ju 6 lọ. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe àánú akọ̀wé, mo sọ ọ́ di 12. Àmì méjèèjì wá wọlé pọ̀. Èmi, n kò ronú pé wọ́n lè pé méjì. Mo kàn kọ ọ́ pé kó mú èyí tó ṣáájú. Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ dé ìdí òṣùwọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló ṣáájú nínú ìwé, òun náà ni ẹ̀rọ mú.

Ẹ má sọ pé kí n má fẹ̀ ẹ́ mọ́ o. Fífẹ̀ ẹ́ dára. Láti 1954 ni Paul Fitts, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti fi ìdánwò hàn pé bí ohun tí a fẹ́ fọwọ́ bà bá ṣe kéré tó, tó sì jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tó máa gba ọwọ́ wa ṣe ń pọ̀ sí i. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nílò ààyè. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èèyàn méjì lè gba ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Bó ṣe yẹ kó rí

Ọ̀nà tó tọ́ kò le. Prógíráàmù á mú àwọn àmì tó wà láàárín ààyè, á ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ibi tí wọ́n tẹ̀, á sì mú èyí tó kéré jù. Tí kò bá sí ìkankan láàárín ààyè, kó dákẹ́. Kó má fi tipátipá mú èyí tó jìnnà.

Ojú ẹ̀rọ ni kí ẹ ti wọn ọ̀nà jíjìn yẹn, ìyẹn ní píksẹ́lì, kì í ṣe nínú ọjọ́ àti kílò. Ọjọ́ kan àti kílò kan kì í ṣe ẹgbẹ́. Ká ní àmì kan fi ọjọ́ 1 jìnnà sí ibi tí ẹ tẹ̀, òmíràn fi kílò 5 jìnnà sí i. Tí ẹ bá ka nọ́ńbà lásán, 1 kéré sí 5, ẹ máa mú ti àkọ́kọ́. Àmọ́ lójú ẹ̀rọ, ọjọ́ 1 jẹ́ píksẹ́lì 24, kílò 5 jẹ́ 15. Èkejì ló wà lábẹ́ ọwọ́ yín. Ojú èèyàn ló ń darí ọwọ́, ohun tí ojú sì ń rí ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Tí àmì méjì bá wà lójú kan náà pátápátá ńkọ́? Bí ẹni méjì bá gbé kílò 80 wá lọ́jọ́ kan náà, àmì wọn á gun orí ara wọn, èyí tí ẹ̀rọ yà kẹ́yìn ló máa hàn lókè. Kò sí ìṣirò tó lè là á. Ẹ jẹ́ kí prógíráàmù béèrè: kó to orúkọ àwọn méjèèjì, kí akọ̀wé mú èyí tó fẹ́.

Nǹkan mìíràn tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni nọ́ńbà ìtò. Tí prógíráàmù bá sọ pé àmì kẹtàdínlógún ni wọ́n tẹ̀, kẹtàdínlógún nínú kí ni? Tí ẹ bá ti tún ìwé náà tò, tàbí tó jẹ́ ti àwọn obìnrin nìkan lẹ ní kó fi hàn, kẹtàdínlógún orí gíráàfù kì í ṣe kẹtàdínlógún inú ìwé mọ́. Ẹ fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò ní yí padà láé, kí àmì rẹ̀ sì máa gbé nọ́ńbà yẹn rìn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún títẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kíákíá lẹ́ẹ̀mejì, prógíráàmù máa kọ́kọ́ gbọ́ títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, kó tóó gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni. Lórí Windows, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń dúró láti mọ̀ bóyá ìkejì ń bọ̀. Nítorí náà, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan tí a kò lè dá padà. Kó kàn yan àmì náà, kó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kó fi orúkọ àti kílò hàn. Bákan náà, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ níbì kan, tí wọ́n fà á lọ kí wọ́n tóó jọ̀wọ́ rẹ̀, fífà ni, kì í ṣe títẹ̀.

Àwọn tó ń lo irinṣẹ́ mìíràn náà ní tiwọn. Gíráàfù inú Windows Forms ní HitTest, tí ẹ máa fún ní nọ́ńbà méjì tí máòsì mú wá, á sì sọ ohun tó wà níbẹ̀. JFreeChart tí àwọn onímọ̀ Java ń lò ní ChartMouseListener. Qt Charts máa ń pariwo clicked fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá tẹ àmì. Gbogbo wọn ń gbà wá lọ́wọ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe tí àmì méjì bá fara kan ara wọn, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tóó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Tí àmì bá pọ̀ jù ńkọ́? Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún díẹ̀, ẹ jẹ́ kó wo gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, ojú yín ò ní rí i pé ó pẹ́. Tó bá di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún, ẹ pín pátákó náà bí wọ́n ṣe ń pín ìsọ̀ ọjà. Ẹni tó ń wá aláta kì í yí gbogbo ọjà ká. Ìsọ̀ ata ló ń lọ. Prógíráàmù náà á wo ìsọ̀ tí wọ́n tẹ̀ àti àwọn tó yí i ká nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Wọ́n san owó kílò 22 ìyá náà pé pérépéré ní ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin kejì náà kò jiyàn, ó dá ti kílò 20 padà. Mo tọrọ àforíjì níwájú ẹgbẹ́. Ìyá yẹn ní, “Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ bébà mi nù o.” Mo ní kí wọ́n má sọ ọ́ nù lóòótọ́.

Mo tún prógíráàmù náà kọ. Èyí tó sún mọ́ jù ló ń mú báyìí. Orúkọ ẹni tó ni àkọsílẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí kílò tóó tẹ̀ lé e. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, akọ̀wé ì bá ti rí i pé kì í ṣe ẹni tí òun ń wá. Ó ń béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kó tóó yí nọ́ńbà padà, kì í sì í pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Ó ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n yí i.

Tí ẹ bá ní gíráàfù tiyín nílé, ẹ dán èyí wò kí ẹ tóó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi àmì méjì sí i tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Ẹ tẹ ìkejì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí àgbàlagbà ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ ló dá yín lóhùn, ẹ má tíì gbé e lọ sídìí òṣùwọ̀n ẹnì kankan. Ó dìgbà kan ná.